Bí ẹ bá lọ sinmi ní Jámánì, ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù àdúgbò: bí mo ṣe máa ń ṣe é

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Offenbach, ìlú kan tó fara ti Frankfurt bí Mọ́kọ́lá ṣe fara ti Sábó. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sinmi lọ́dọ̀ wọn, àna mi fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe mí lálejò, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé mi ò lè ṣe kí n má wo bọ́ọ̀lù. Eintracht Frankfurt, ẹgbẹ́ ńlá Frankfurt, ló fẹ́ mú mi lọ wò. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán kó tó ráyè rà á. Ó wá ń bẹ̀ mí káàkiri ilé: “Mọ́mì, ẹ má bínú, ó di ìgbà míì.” Mo ní ṣé kò sí bọ́ọ̀lù míì nílùú yín ni? Iná ńlá tí mo rí lórí òkè lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Ó ní, “Ìyẹn? Kickers nìyẹn, Mọ́mì. Ìpele kẹrin ni wọ́n wà. Kò lè wù yín.”

Ọmọ náà kò tíì mọ̀ mí délẹ̀ nígbà yẹn. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún méje ni mí ní 1976 tí IICC Shooting Stars gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, orí èjìká bàbá mi ni mo sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù wíwò ní Liberty. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Adámásingbà, mo bá wọn lọ. Mo wò wọ́n nígbà tí wọ́n wà lókè, mo tún wò wọ́n nígbà tí wọ́n já wálẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sórí kọnkéré Adámásingbà nínú òjò, tó fi ọ̀rá bo orí, tó ń pariwo títí tí ohùn fi há, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìpele kẹrin ò ní wù?

A lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò béèrè Eintracht mọ́. Mo ti padà sí Jámánì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà yẹn, bọ́ọ̀lù àdúgbò ni mo sì ń wò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá lò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ wo ọmọ, wo àbúrò, tàbí tẹ́ ẹ kàn fẹ́ lọ najú, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ẹ ti gba físà, ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kù.

Ìpele wo là ń sọ?

Lókè pátápátá ni Bundesliga wà, ẹgbẹ́ 18. Lábẹ́ rẹ̀ ni 2. Bundesliga, ẹgbẹ́ 18 náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni 3. Liga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ẹgbẹ́ 20. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kárí orílẹ̀-èdè. Regionalliga ló tẹ̀ lé wọn, òun ni ìpele kẹrin, wọ́n sì pín in sí ẹkùn márùn-ún: Nord, Nordost, West, Südwest àti Bayern. Lábẹ́ Regionalliga ni Oberliga, tí wọ́n ń pè ní Hessenliga ní ìpínlẹ̀ Hessen tí Frankfurt àti Offenbach wà. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí títí dé Kreisliga, níbi tí bíríkìlà àti olùkọ́ ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú kí kálukú tó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Fún àlejò tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, Regionalliga ni mo máa ń sọ pé kó lọ. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ ti wà lókè rí. Pápá wọn tóbi, orin wọn ti dàgbà, àwọn arúgbó tó ń wò wọ́n sì ní ìtàn nínú. Bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì lè rìn dé ẹnu géètì kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo Kickers Offenbach yìí. Pápá wọn, Bieberer Berg, ń gba èèyàn 20,500. Ní 1970 wọ́n na 1. FC Köln ní 2 sí 1, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Jámánì. Ọ̀dọ̀ wọn ni Rudi Völler, agbábọ́ọ̀lù Jámánì tó lókìkí, ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù, ẹnu bàbá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ti gbọ́ ọ, àna mi ló ń túmọ̀. Ní 1974, ẹni dúdú àkọ́kọ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Jámánì. Erwin Kostedde lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni ìyá rẹ̀, sójà Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀, Kickers ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Ẹnì kejì tó tẹ̀ lé e ní 1979, Jimmy Hartwig, Offenbach gan-an ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́fà ni àna mi ti ń gbé ìlú yìí, kò gbọ́ ọ rí. Àárín èèyàn tó ń wo ìpele kẹrin ló ti gbọ́ ọ.

Nǹkan míì wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, ẹgbẹ́ ni lóòótọ́, bí àwa náà ṣe mọ ẹgbẹ́ sí: ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ ń san owó ọdún, ẹ ń lọ ìpàdé, ẹ ń dìbò yan alága. Verein ni wọ́n ń pè é. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti sọ ẹ̀ka bọ́ọ̀lù rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ pàápàá, òfin líìgì ní ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ìbò tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ wà, àfi àwọn mélòó kan tí wọ́n yọ sílẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i tí arúgbó kan ń bá ọmọdé tó ń ta ọtí jà lórí bí wọ́n ṣe to tábìlì, ẹ má rò pé aláfojúdi ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ìgbà wo ni kẹ́ ẹ lọ?

Ìparí oṣù keje sí oṣù karùn-ún ni sáà bọ́ọ̀lù wọn. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹfà yóò bá pápá tó dá páropáro. Wọ́n tún máa ń sinmi nígbà òtútù, láti àárín oṣù kejìlá títí wọ inú oṣù kejì, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ ọmọ, ẹ gbọ́n. Oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá àti oṣù kẹrin ló dára jù lójú tèmi: òtútù kò tíì le tàbí ó ti ń lọ, koríko sì dára.

Regionalliga sábà máa ń gbá tiwọn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ní ìpele tó wà nísàlẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló wọ́pọ̀ jù. Láti mọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí yín, ẹ wọ fussball.de, ojúlé tí àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí bọ́ọ̀lù àdúgbò títí kan ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá. Fún Regionalliga sókè, kicker.de, ojúlé ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù kan, náà dára.

Ẹ tún un wò láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù kejì ni, èmi àti ọmọ mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kékeré kan láti lọ wo bọ́ọ̀lù Hessenliga. Nígbà tá a dé ibẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu géètì, wọ́n sì lẹ bébà kan mọ́ ọn. Ilẹ̀ ti dì, rèfírí ní bọ́ọ̀lù kò ṣeé gbá. Lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì ìlú kékeré kì í wọ́pọ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn fún ogójì ìṣẹ́jú kí a tó rí ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́nu géètì nígbà náà ni “Spiel fällt aus” tàbí “abgesagt”. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ dúró sílé kẹ́ ẹ dáná.

Tíkẹ́ẹ̀tì

Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì ni Tageskasse. Ẹ mú owó lọ́wọ́, owó bébà àti owó idẹ, torí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í gba káàdì, bí ẹ bá sì ti ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni káàdì ń di ohun ìgbàgbé. Ọ̀rọ̀ méjì pàtàkì ló wà níbẹ̀: Stehplatz ni ibi ìdúró, Sitzplatz ni ibi ìjókòó. Ibi ìdúró ni owó rẹ̀ kéré jù, ibẹ̀ náà sì ni orin wà. Mi ò tíì san tó yúrò 15 fún ìdúró ní Regionalliga rí. Ní Kreisliga, owó péréte ni, níbòmíì ẹnikẹ́ni ò gba nǹkankan. Tẹ́ ẹ bá rí ermäßigt, owó tí wọ́n dín fún akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó àti abirùn nìyẹn. Ẹ mú káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tàbí páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ kẹ́ ẹ lè fi hàn.

Ohun tí mo máa ń sọ ni, “Zwei Stehplätze, bitte.” Méjì, ìdúró, ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹ tó sọ ìyẹn, ẹ kí wọn. Ní Hessen, “Guude!” ni wọ́n ń kíra wọn, àárọ̀ o, ọ̀sán o, alẹ́ o. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí àlejò dúdú tó wé gèlè bá kí i ní “Guude”. Èmi ti rí i. Ó dìde lórí àga.

Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni Gästeblock. Ibi tí wọ́n kó àwọn tó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ àlejò sí nìyẹn, irin ni wọ́n fi yí i ká, ẹ̀yìn ayò náà wọ́n sì lè dá wọn dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Aṣọ, báàgì àti ọ̀nà

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ òtútù ṣeré. Ìdúró wákàtí méjì lórí kọnkéré tútù, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń gun òkè. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń wọ̀, mo sì ń mú páálí pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ tí mo máa tẹ́ sílẹ̀ tí mo máa dúró lé. Ọmọ mi ní òun ń tijú. Nígbà tó di ìlàjì eré, ó bẹ̀ mí kí n sún kí òun náà rí ibi fi ẹsẹ̀ sí.

Ẹ wo àwọ̀ aṣọ yín dáadáa. Pupa àti funfun ni Kickers. Ẹ má ṣe wọ aṣọ tàbí dé fìlà Eintracht Frankfurt lọ síbẹ̀, torí ìjà ìlú méjì tó súnmọ́ra ti wà láàárín wọn tipẹ́. Ẹni tí kò bá mọ àwọ̀ ẹgbẹ́ kankan, kó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Báàgì ńlá àti ìgò kò ní wọlé, báàgì kékeré tí kò ju ìwé ìdánwò kan lọ ni kẹ́ ẹ mú. Wọ́n máa fọwọ́ yẹ ara yín wò lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin ló ń yẹ obìnrin wò, ìlà tiwa sì máa ń yá ju ti ọkùnrin lọ.

Láti Frankfurt sí Bieberer Berg, S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni kẹ́ ẹ wọ̀ dé Offenbach Ost, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ rìn gun òkè. Ẹ ò ní ṣìnà, ẹ kàn máa tẹ̀ lé àwọn tó wọ pupa. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ti RMV, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ agbègbè náà, ni kẹ́ ẹ rà tó bá jẹ́ pé ẹ máa lọ ẹ máa bọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ wọn, ìyẹn ló máa ń tan àlejò jẹ. Àmọ́ àwọn ayẹ̀wò máa ń wọlé láìwọ yúnífọ́ọ̀mù, owó ìtanràn sì jẹ́ yúrò 60.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti wọlé

Ẹ dé síbẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ yí pápá náà po. Lẹ́yìn góòlù kan ni ẹ máa rí àwọn ọ̀dọ́ alátìlẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní Ultras, pẹ̀lú àsíá àti ìlù. Ẹnì kan máa dúró lórí pèpéle láàárín wọn, ó kẹ̀yìn sí pápá, ó sì mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání. Ó ń lé, wọ́n ń gbè. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ló fi máa lé orin, ó lè má rí góòlù kan ṣoṣo fójú ara rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní a-léwì-lẹ́gbẹ̀ẹ́ rèé, ó kàn jẹ́ pé èdè ló yàtọ̀.

Ẹ má lọ dúró sáàárín wọn níbi tí àsíá wà. Kì í ṣe pé wọ́n máa lù yín, àmọ́ àyè tiwọn ni, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọrin kó sì fò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe ya fọ́tò ojú wọn, ẹ má sì gbé fóònù sókè láti ká fídíò wọn. Wọn kò fẹ́ ẹ rárá, wọ́n sì máa sọ ọ́ síta. Ẹ ya pápá, ẹ ya àsíá láti ọ̀nà jíjìn, ó tó. Ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́wọ́ àárín ni mo fẹ́ràn láti dúró sí, láàárín àwọn arúgbó. Wọ́n ń bú rèfírí, wọ́n ń bú akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n ń fún ọmọ ọmọ wọn ní bisikíìtì.

Tí ẹgbẹ́ ilé bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó máa pe orúkọ àbísọ ẹni tó gbá a wọlé, gbogbo pápá á pe orúkọ ìdílé rẹ̀ dáhùn. Ó tún máa pe iye góòlù ẹgbẹ́ ilé, wọ́n á dá a lóhùn. Nígbà tó bá kan ti àlejò, wọ́n á kígbe “null!”, bí wọ́n tilẹ̀ ti jẹ góòlù méjì nígbà míì. Lẹ́yìn náà yóò ní “Danke!”, èrò á ní “Bitte!” O ṣeun, kò tọ́pẹ́. Láti ìgbà kejì ni èmi náà ti ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò pọ̀ àmọ́ ó gba ọgbọ́n. Sọ́séèjì inú búrẹ́dì ni olórí oúnjẹ wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bratwurst sábà máa ń jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ní agbègbè Frankfurt, wọ́n tún ní Rindswurst, ti ẹran màlúù, òun ló sì dùn jù lẹ́nu mi. Mùsùlùmí ni àna mi, ó ní màlúù náà kì í ṣe èyí tí wọ́n dúńbú bó ṣe yẹ, nítorí náà ànàmọ́ òyìnbó díndín tí wọ́n ń pè ní Pommes ló máa ń jẹ nínú pápá, yóò wá dúró jẹ döner lọ́dọ̀ àwọn Tọ́kì nígbà tá a bá ń padà. Ata kò sí nínú gbogbo rẹ̀. Mo ń mú ata gígún díẹ̀ sínú ọ̀rá nínú báàgì mi. Ẹ lọ tò nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìlàjì eré pé, torí ìṣẹ́jú 15 péré ni ìsinmi, ìlà á sì gùn dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun mímu inú ife oníke ni wọ́n máa fún yín, wọ́n á sì gba owó kún un. Ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Pfand ni, bí a ṣe máa ń fi owó sílẹ̀ lórí ìgò mínírà nílé. Tẹ́ ẹ bá dá ife padà, wọ́n á dá owó yín padà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara

Mi ò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Ní 2006, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Adebowale Ogungbure, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún FC Sachsen Leipzig ní ìpele kẹrin, lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Halle. Wọ́n bú u, wọ́n tutọ́ sí i lára, wọ́n ń ké bí ọ̀bọ. Nígbà tí inú bí i tó fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ Nazi láti fi hàn wọ́n irú ẹni tí wọ́n jẹ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lé lórí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Orúkọ wa ni, ọmọ wa ni, inú mi kì í dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, ní Münster, nínú 3. Liga, òǹwòran kan ké bí ọ̀bọ sí Leroy Kwadwo tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Würzburg. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó dúró tì í ló nawọ́ sí i fún àwọn olùṣọ́, gbogbo pápá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe “Nazis raus!”, kí àwọn Nazi jáde. Ọlọ́pàá mú un lọ. Ìyàtọ̀ wà láàárín 2006 àti 2020, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tíì parẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo ń wo pápá níbi tí ìdílé àti ọmọdé bá pọ̀ sí. Mi ò kì í lọ síbi tí ẹgbẹ́ méjì tó kórìíra ara wọn bá ti fẹ́ pàdé, irú èyí tí ọlọ́pàá máa ń kó ẹṣin wá. Mo ń mọ ibi tí àwọn Ordner wà, àwọn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ títàn tó ń bójú tó èrò. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí yín, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo ti wò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkùnrin ọ̀mùtí kan sọ ọ̀rọ̀ kan tí àna mi kọ̀ láti túmọ̀. Obìnrin tó dúró níwájú wa yíjú padà, ó sọ̀rọ̀ sí i títí ó fi kúrò níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí i

Lẹ́yìn Regionalliga kan tàbí méjì, ẹ lọ wo Kreisliga. Kò ní ìjókòó, okùn tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí pápá po, bọ́ọ̀lù sì lè jáde wá bá yín lẹ́sẹ̀. Ẹ gbá a padà. Ẹgbẹ́ kejì wọn sábà máa ń gbá tiwọn ní aago kan kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó bọ́ sí pápá ní aago mẹ́ta. Ilé ẹgbẹ́ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Vereinsheim, àwọn ìyá àwọn agbábọ́ọ̀lù á sì ti yan àkàrà òyìnbó wá láti ilé, wọ́n ń tà á pẹ̀lú kọfí. Kò sẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí pé ta ni mo wá wò. Mo ní kò sẹ́nì kankan, bọ́ọ̀lù ni. Wọn kò gbowó kọfí lọ́wọ́ mi.

Pápá méjì tí ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dé

Èkíní wà ní Frankfurt: Bornheimer Hang, pápá FSV Frankfurt. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ U7 ló ń gbé yín débẹ̀, ẹ sọ̀ ní Eissporthalle/Festplatz. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, ibẹ̀ ni Liverpool yá a sí ní 2015, ọmọ ọdún 18. Ìpele kejì ni FSV wà nígbà náà. Wọ́n já ní 2016, wọ́n tún já ní 2017, ìyẹn ló gbé wọn dé Regionalliga. Èmi gẹ́gẹ́ bí obìnrin, mo ní ìdí míì tí mo fi lọ. Àwọn obìnrin FSV gba líìgì Jámánì ní 1986, 1995 àti 1998, ibẹ̀ ni Birgit Prinz ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká. Láti 1955 sí 1970, àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan jẹ́ kí obìnrin gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí màmá mi ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ mi ní Òkè-Àdó, èmi rò pé àwa nìkan la ní irú rẹ̀.

Èkejì jìnnà díẹ̀: Neunkirchen, ní ìpínlẹ̀ Saarland. Ó lé ní wákàtí méjì láti Frankfurt nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1990, ọmọkùnrin kan láti Enugu lọ sinmi ní Jámánì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń lọ yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Binebi Numa, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Borussia Neunkirchen ní ìpele kẹta. Ó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìdánrawò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rí i, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Okocha ni. Láti ibẹ̀ ló ti gba Saarbrücken lọ sí Eintracht Frankfurt, níbi tó ti yí Oliver Kahn, aṣọ́lé Karlsruhe, po ní 1993 bí ẹni ń yí òpó po.

Ellenfeldstadion lorúkọ pápá náà. Ó ti wà láti 1912, wọ́n sì gbá Bundesliga níbẹ̀ láàárín ọdún 1964 sí 1968. Ó tóbi ju èrò tó ń wá báyìí lọ fíìfíì. Àtẹ̀gùn ìdúró ga sókè lẹ́yìn góòlù kan, koríko ti hù láàárín rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá la lọ. Èmi, ọmọ mi, àna mi, àti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n so mọ́ àyà bàbá rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bi wá níbo la ti wá, mo ní Nàìjíríà. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bọ́ọ̀lù tí kò sí níbẹ̀, ó fà á sẹ́yìn, ó yí po, ó dì mọ́ géètì kó má baà ṣubú. Gbogbo wa pariwo orúkọ náà pọ̀.

Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ìpadà kẹ́ ẹ tó wọlé. Àwa kò wò ó, nítorí náà a jókòó sí ibùdókọ̀ Neunkirchen fún bíi wákàtí kan nínú òtútù, ọmọ ń sùn, kọfí ti tán. Àna mi yọ fóònù rẹ̀, ó ń wo fussball.de. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní, “Mọ́mì, Kickers wà nílé lọ́jọ́ Ẹtì.”